Ilé Gogoro Méjì ní Orlando

Ilé gogoro méjì tí a fi ọ̀dà oríṣiríṣi ya àwòrán sí lára ni àlejò kọ́kọ́ máa ń rí ní Orlando, ní Soweto. Ènìyàn kò gbé inú wọn rí. Inú wọn ni omi gbígbóná ilé iṣẹ́ amúnáwá ti máa ń tutù, nígbà tí a ń fi èédú pèsè iná fún ìlú Johannesburg fún ohun tí ó lé ní 50 ọdún.

Àwọn aláwọ̀ dúdú tí òfin kó jọ sábẹ́ èéfín rẹ̀ ń tan àbẹ́là àti fìtílà elépo. Ọdún 1980 ti kọjá kí iná tó wọ ọ̀pọ̀ ilé wọn. Òótọ́ ni pé ìdí fìtílà ni ó máa ń ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n òkùnkùn Soweto kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ènìyàn ni ó ṣètò rẹ̀.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1998. Apá kan rẹ̀ wó ní 2014. Ilé gogoro méjèèjì kò wó. Kí ẹni tí ó bá ń wo àwòrán ara wọn rántí àwọn tí iná náà kò tàn fún.