Ogun Kan, Sinimá Méjì

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tọmọdé tàgbà wa ni ó mọ òwe yìí; síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ogun, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni a sábà ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ni ó bá àwọn ará Jàpáànì jà ní Bọ́mà ní 1944 àti 1945. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ròyìn bí ọ̀tá ti ń ba sínú igbó, tí a kì í rí i títí ìbọn yóò fi dún. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó ba síbẹ̀ ń rò lọ́kàn, a kò gbọ́ ọ rí.

Èyí ni ó mú kí n fẹ́ sọ ti sinimá méjì tí Clint Eastwood, ará Amẹ́ríkà, ṣe jáde ní 2006 lórí ìjà kan ṣoṣo. Flags of Our Fathers sọ ti Amẹ́ríkà. Letters from Iwo Jima sọ ti Jàpáànì, èdè Jàpáànì ni a sì ń sọ nínú rẹ̀.

Erékùṣù kékeré ni Iwo Jima, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni erékùṣù imí ọjọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Fẹ́búárì, 1945, ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ síbẹ̀; ó lé ní oṣù kan kí ìjà náà tó rọlẹ̀. Ọmọ ogun Jàpáànì bí 21,000 ni ó wà níbẹ̀, díẹ̀ kíún ni ó sì yè. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó kú súnmọ́ 7,000.

Ní ọjọ́ karùn-ún ìjà, ọkùnrin mẹ́fà gbé àsíá nàró lórí òkè Suribachi, Joe Rosenthal sì ya àwòrán wọn. Àsíá kejì ni èyí. A ti kọ́kọ́ gbé èyí tí ó kéré jù ú lọ nàró ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà kú sórí erékùṣù. Ìjọba kó àwọn mẹ́ta tí wọ́n pè ní ìyókù káàkiri Amẹ́ríkà, kí àwọn ènìyàn lè yá ìjọba lówó fún ogun. Ìbànújẹ́ àwọn mẹ́ta yìí ni sinimá àkọ́kọ́ dá lé. Ẹ sì wo ohun ìyanu: ní 2016 àti 2019, àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn jẹ́wọ́ pé John Bradley àti Rene Gagnon, méjì nínú àwọn mẹ́ta náà, kò sí nínú àwòrán yẹn rárá. Bí ẹni tí ó ni ìtàn bá lè ṣì í tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wí nípa ìtàn tí a sọ nípa ọ̀tá?

Nínú sinimá àkọ́kọ́, ẹnu ihò tí ìbọn ń ti jáde ni a ń rí. Nínú èkejì, inú ihò náà ni a jókòó sí, pẹ̀lú òùngbẹ àti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ọ̀gágun Kuribayashi ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n má ṣe sáré lọ kú lásán. Níbẹ̀ ni Nishi, ẹni tí ó gba wúrà nínú ìfẹṣinfò ní Los Angeles ní 1932, ti ka ìwé tí ìyá ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan kọ sí ọmọ rẹ̀ sétí àwọn ọmọ ogun Jàpáànì. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé bí ìyá òun ti ń wí nìyẹn. Nígbà tí ó yá, ọmọ yìí jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹni tí a fi ṣọ́ ọ yìnbọn pa á. Mo yin Eastwood pé kò fi èyí pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Àmọ́ mo ní àròyé kan. Kuribayashi àti Nishi, tí sinimá náà fẹ́ràn jù lọ, ti dé Amẹ́ríkà rí, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀tá tí ó mọ ilé wa ni ó rọrùn fún wa láti ṣàánú.

Ẹ̀gbẹ́ kẹta tún wà. Ṣáájú ìjà, àwọn ará ìlú bí 1,000 ni ó ń gbé orí erékùṣù náà. Ní 1944 ni a kó wọn kúrò. Sinimá kejì kàn fi ẹnu bà á ni. Amẹ́ríkà dá erékùṣù náà padà fún Jàpáànì ní 1968, àwọn ológun ni ó sì ń gbé ibẹ̀. A kò tíì jẹ́ kí àwọn tí ó nilé níbẹ̀ padà lọ gbé e.