Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn Òyìnbó: Ẹ̀rí Láti Ìrèsì

Wọ́n máa ń sọ pé kí òyìnbó tó dé, ọba ló ń pàṣẹ, ará ìlú a sì gbà bẹ́ẹ̀. Pé káńsù àti àpótí ìbò ló kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Olùkọ́ ń sọ ọ́ nínú kíláàsì. Olóṣèlú tó bá fẹ́ ká máa dúpẹ́ pé òun wá béèrè èrò wa náà ń sọ ọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìtàn ìlú Ìrèsì sì wà lára ohun tó já a nírọ́.

Ní ọdún 1886, gómìnà Èkó, Alfred Moloney, rán oníṣẹ́ lọ bá Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, pé kí wọ́n ṣíwọ́ ogun Kírìjì, tó ti ń jà fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Àlùfáà Samuel Johnson wà lára àwọn oníṣẹ́ náà, àdéhùn tí wọ́n ṣe sì wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Lára ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ìlú mẹ́rin: Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ. Èkìtìparapọ̀ ń béèrè wọn, Ìbàdàn ò sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí ará ibẹ̀ tó bá fẹ́ kó lọ lómìnira láti kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn dáadáa. Ológun ni wọ́n, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ wọn ò lè pín ìlú bí ẹni pín ẹran. Gbogbo wọn mọ̀ pé ìlú tí èèyàn bá ti kó kúrò nínú rẹ̀ ti di ahoro. Ta ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀? Ta ni yóò gbé ìbọn lọ́jọ́ ogun? Ọba tí kò ní èèyàn, orí àpáta ló ń jọba lé. Nítorí náà, ẹsẹ̀ mẹ̀kúnnù tó lè gbé kúrò jẹ́ ìkìlọ̀ tí aláṣẹ kò lè fojú di.

Ẹnìkan lè sọ pé òmìnira láti kó lọ yàtọ̀ sí ẹnu láti sọ̀rọ̀ nílé. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí kejì, kó wo Ìlá Ọ̀ràngún. John Pemberton àti Fúnṣọ́ Afọláyan ṣe ìwádìí lórí oyè Ọ̀ràngún. Ìwé wọn tó jáde ní 1996 fi hàn pé ọba kì í dá ìlú ṣe, pé àwọn ìjòyè tó jẹ́ olórí ìdílé ló ń bá a gbé agbára náà dúró. Nílẹ̀ wa, agbo ilé ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ á sọ tiẹ̀, àwọn obìnrin ilé á gba ẹnu ìyálé sọ tiwọn, baálé á gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, ìjòyè á gbé e dé ààfin. Ọ̀nà kan náà ni àṣẹ ọba ń gbà padà wá. Bí agbo ilé bá kọ̀ tí wọn ò jáde wá ro ọ̀nà odò, àṣẹ nìkan kò lè ro ó.

Òyìnbó ló wá dín ẹnu yìí kù. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọba tó bá ti tẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lọ́rùn kò ní láti bẹ̀rù ìjòyè mọ́. J. A. Àtàńdá ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1973 pé agbára Aláàfin Ọ̀yọ́ nígbà náà ju ti àtijọ́ lọ. Ní 1916, Ìṣẹ́yìn àti Òkèehò tó wà lábẹ́ rẹ̀ dìde sí ètò tuntun náà, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Òfin 1952 tó mú àwọn tí a dìbò yàn wọ káńsù ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá díẹ̀ padà nínú ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ wa.

Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára tán. Ẹrú kò lẹ́nu, ohùn ìwọ̀fà kò jọ ti ọmọ onílé, ẹnu ẹlòmíì sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń gbà sọ̀rọ̀. Ìbò tó kan olúkúlùkù jẹ́ ìlọsíwájú gidi. Ṣùgbọ́n orí ìpìlẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni a gbé e lé.

Lónìí, Ìrèsì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Ọ̀tan Ayégbajú. Abala keje ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní káńsù tí a dìbò yàn ni kó máa ṣàkóso. Ìwé òfin yìí kan náà ka iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, kíkó ìdọ̀tí. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ìrèsì, nílé lóko, ẹ pe káńsílọ̀ yín wá sí ìpàdé ìlú. Kó mú ìwé ìṣúná dání, kó kà á sétí gbogbo yín, kó sọ iye tó wà fún ọjà àti iye tó wà fún ọ̀nà. Ẹ bi í ní ìbéèrè títí yóò fi yé yín. Àwọn tó bí wa ti ní ẹ̀tọ́ yìí kí káńsù tó dé. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sọnù lọ́wọ́ yín.