Ta Ló Kọ́ Tíṣà Wa ní Ìṣírò?

   Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá ju bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, mo sì máa rọra sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ni. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àgàgà ẹni tó ń kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣírò. Bí ẹnì kan nílé bá ní irú iṣẹ́ yẹn lòun fẹ́ ṣe, níbo ló ti máa lọ kọ́ ọ? Ìdáhùn rẹ̀ máa yà yín lẹ́nu. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìṣírò kí ilé-ìwé tó dé. Wọ́n ń ka owó ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn àpò kan, jẹ́ 20,000 ẹyọ. Ta ló máa ka 20,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ilẹ̀ á ṣú. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann kọ ìwé kan nípa rẹ̀ lọ́dún 1887. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ń kà á máa fi ọwọ́ fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún jáde, títí yóò fi pé ogún. Ogún márùn-ún, ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ó da ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀, ó di igba. Nítorí náà ni nọ́ńbà wa fi rìn bó ṣe rìn. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta ni, tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta, tí ẹ̀yin ń pè ní forty-five, jẹ́ àádọ́ta ó dín márùn-ún. Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn: ìsọdipúpọ̀ ogún ní ọ̀nà mẹ́ta, àyọkúrò mẹ́wàá, àyọkúrò márùn-ún. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà ń ṣe é láìronú.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀ fún tíṣà.

Ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Gottlieb Bühler, ọmọ Jámánì kan, ló ń darí rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó wá kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀, kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí tíṣà ní 1866. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó. Ní 1896 ó kó lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di St Andrew's College. Àwọn Onítẹ̀bọmi ṣí tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1897, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣí Wesley College ní Ìbàdàn ní 1905, wọ́n sì ṣí United Missionary College fún àwọn obìnrin, ní Ìbàdàn kan náà, ní 1928. Bí bàbá bàbá yín bá jẹ́ tíṣà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí ló ti jáde. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè.

Irú ìṣírò wo ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ìṣírò àwọn òyìnbó: owó pọ́n-ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan, ṣílè 20 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó. Ogún ṣílè! Ẹni tó ti ń ka ogún-ogún láti inú oyún, èwo ló tún kù tó máa ṣòro fún un níbẹ̀? Àwọn èèyàn wa tètè sọ owó náà di tiwọn. Kọ́bọ̀ mẹ́ta di tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́fà di sísì. Àmọ́ nínú kíláàsì, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Yorùbá wà fún kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ni ìṣírò àwọn àgbà. Tíṣà kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é. Èyí tó mú wá láti ilé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè Stephen Awókọ́yà, ẹni tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ń gbèrò rẹ̀, ti gbé àbá náà kalẹ̀ láti 1952. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ yọ ìkínní kúrò nínú ìkejì fúnra yín: ọmọ tuntun tó lé ní 350,000 láàárín ọdún kan péré! Inú mi máa ń dùn sí nọ́ńbà yìí. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n níbo ni tíṣà ti máa wá? Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kò lè fi oṣù méjìlá bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà. Nítorí náà wọ́n gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, wọ́n gba àwọn tó jáde Modern School, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ṣí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade Three, níbi tí ènìyàn ti máa lo ọdún méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí i, á padà lọ ṣe Grade Two. Tíṣà kan, kíláàsì kan, gbogbo ẹ̀kọ́: òun ló kọ́ ọ ní Bíbélì, òun ló kọ́ ọ ní ìmọ́tótó, òun náà ló kọ́ ọ ní ìṣírò. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń bẹ̀rù ìdá nǹkan, ìyẹn fractions, ó gbé ẹ̀rù yẹn fún ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan fi pàṣán bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tó ń sọ fún yín pé ìṣírò le, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o.

Kí nǹkan tó rọgbọ, ìṣírò tuntun tún dé láti Amẹ́ríkà. Láti 1962 ni wọ́n ti ń kó àwọn olùkọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ sí Entebbe ní Uganda láti kọ ìwé Modern Mathematics. Tíṣà tó kọ́ ṣílè àti kọ́bọ̀ ní kí wọ́n wá máa kọ́ ọmọ ní set. Ní 1977 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fagi lé e. Láàárín kan náà, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, owó yí padà di náírà, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sì di náírà kan. Ẹ wo tíṣà tó gba Grade Two ní 1958. Láàárín ogún ọdún, wọ́n yí owó padà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n gbé ìṣírò tuntun dé, wọ́n sì tún gbé e lọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Níbi tí mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ lé lórí nìyí. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Nílé-ìwé ìgbà yẹn, Yorùbá ni wọ́n ń lò fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀kọ́ á di Gẹ̀ẹ́sì. Fáfúnwá ní kí kíláàsì kan lo Yorùbá fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, kí Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa sì máa kọ́ ọ. Wọ́n kọ ìwé ìṣírò lédè Yorùbá. Wọ́n tún àwọn tíṣà kọ́. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níkẹyìn ni pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣé ẹ rí i pé kò rọrùn bí a ṣe ń sọ ọ́? Ẹ kọ 45 sílẹ̀. Ojú ọmọ rí 4, ó rí 5. Ẹnu rẹ̀ ní “márùndínláàádọ́ta.” Kò sí mẹ́rin kankan nínú ohun tó sọ! 44 kò ṣòro, mẹ́rìnlélógójì ni, ogójì àti mẹ́rin. Ṣùgbọ́n láti 45 lọ, a ti ń dín kúrò lára àádọ́ta. Ojú ń wo iwájú, ẹnu ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Tíṣà tí wọn kò kọ́ ní ohun yìí, tó kàn túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, á da ọmọ lójú rú. Tíṣà tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa ní ọrọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì láti wo nọ́ńbà kan náà.

Ọmọ Australia kan, Helen Verran, wá kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí wọ inú àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó máa wo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì. Ó sọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2001 nípa ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn. Ètò tí wọ́n fún un ni pé kí ọmọ fi okùn wọn gíga ẹnìkejì rẹ̀, kó sì tẹ́ okùn náà lé rúlà. Tíṣà yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé páálí kéékèèké tí gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ní kí àwọn ọmọ máa wé okùn mọ́ ọn. Wọ́n ka mẹ́wàá-mẹ́wàá tó wà nínú okùn, wọ́n wá wọn èyí tó ṣẹ́ kù. Inú kọ́kọ́ bí Verran, nítorí tíṣà ti yà kúrò nínú ètò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yé é yékéyéké! Verran lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ronú lórí ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó dáadáa: tíṣà yẹn mú odidi kan, ó pín in sí ìdì-ìdì, ó ka ìdì, ó wá bójú tó ìyókù. Bí wọ́n ṣe ń ka ẹyọ nìyẹn. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́ ọ.

Mo ṣèlérí ìdáhùn. Lónìí, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ní kí tíṣà ní nílé. Àwọn Grade Two ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni. Ẹni tó bá yan ìṣírò níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ni wọ́n ń kọ́ ọ fún. Ẹni tó bá yan ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ ló máa kọ́, díẹ̀ díẹ̀. Tíṣà ìṣírò fún ọmọ ọdún méje kò ní ilé kankan nínú ètò náà. Ó bọ́ sáàárín.

Ẹ má sì rò pé England ti ṣe é láti ayébáyé. 2008 ni Sir Peter Williams gbé ìròyìn kan fún ìjọba, ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán olùkọ́ kan tó jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú ìṣírò kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò fún un ní yunifásítì, ó san owó rẹ̀ fún ìwọ̀nba ọdún, ó dáwọ́ dúró. Èyí tó kù ni PGCE alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ní ìṣírò nínú, ọdún kan lẹ́yìn digírì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wò ó: digírì ìṣírò kọ́ ni dandan. GCSE ìṣírò ni ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ ní, ọ̀pọ̀ ibi tó ń kọ́ àwọn ọ̀jáfáfá yìí sì máa ń fẹ́ A level.

Nílé, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí Fáfúnwá ti dán wò láti 1970. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Èmi ò gbà. Ta ló kọ́ àwọn tíṣà náà bí wọ́n ṣe máa fi èdè abínibí kọ́ ìṣírò? Ìwé mélòó ló wà lọ́wọ́ wọn? Ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì kọ́ tíṣà, kí wọ́n tó ṣe ìdájọ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò tú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin palẹ̀. Ẹ mú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Ó dàbọ̀ o.