Bí Orin Kérésìmesì Ti Di Ti Gbogbo Ènìyàn

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí mú, tí ewé gbígbẹ sì ń rẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá ilé-ìwé, ohùn kan wà tí a kì í ṣàì gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn àwọn akọrin ni, tí wọ́n ń kọ́ orin Kérésìmesì. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò gbọ́ tí wọ́n kọ ìlà kan ṣoṣo, wọn yóò dúró, olùdarí yóò sọ̀rọ̀, wọn yóò sì tún kọ ìlà kan náà. Ó lè wí nínú ara rẹ̀ pé, “Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe tí wọn kò lè kọ orin kan parí?” Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ bá pé, tí orin náà sì jáde ní kíkún, ẹnu yóò ya òun náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni orin ńlá ń wọ ẹnu akọrin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a ti ń ṣe é yìí ni a ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn tí a ń sanwó fún nìkan ni ó lè kọ irú orin bẹ́ẹ̀, tí àgbẹ̀, ahunṣọ àti oníṣòwò kékeré sì ń jókòó gbọ́ ọ, bí wọ́n bá rí owó ìwọlé. Bí ilẹ̀kùn náà ti ṣe ṣí sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí ó bá mọ iye tí a fi ra nǹkan kì í fi í ṣòfò.

Èyí tí a mọ̀ jù nínú àwọn orin wọ̀nyí ni Mèsáyà. George Frideric Handel ni ó ṣe é, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí a bí ní ìlú Halle ní ọdún 1685, tí ó sì fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Charles Jennens ni ó ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ láti inú Bíbélì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1741, Handel fi kálàmù kan ìwé. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 14 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ó ti parí rẹ̀. Ọjọ́ 24 péré! Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì ni a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ 13 oṣù Épírì, ọdún 1742. Owó tí a rí níbẹ̀ ni a fi ran ilé ìwòsàn méjì lọ́wọ́, a sì fi san gbèsè àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè, tó bẹ́ẹ̀ tí 142 nínú wọn fi gba òmìnira. Inú àánú ni a bí orin náà sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, nígbà tí Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀ ni a kọ ọ́, kì í ṣe ní Kérésìmesì. Èkejì, àwọn akọrin náà kì í ṣe ará ìlú lásán. Inú ẹgbẹ́ akọrin kàtídírà méjì tí ó wà ní Dublin ni a ti mú wọn, àwọn tí orin jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ 24 ni Handel fi kọ ọ́ sílẹ̀; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù.

Ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó gbìyànjú. Ogun tí wọ́n bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, nígbà tí àwọn oníṣòwò àti olórin kan dá Ẹgbẹ́ Handel àti Haydn sílẹ̀ ní ọdún 1815. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ńsáàtì wọn èkínní. Nǹkan bí 100 akọrin ni ó dìde dúró, 10 péré nínú wọn ni ó sì jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní Kérésìmesì ọdún 1818, wọ́n kọ Mèsáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí a kò tíì ṣe rí ní ilẹ̀ náà.

Síbẹ̀, ìtàn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Huddersfield, ìlú àwọn ahunṣọ ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1836, ọkùnrin 16 péjọ pọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń pàdé, ọjọ́ tí wọ́n sì yàn ni ọjọ́ Ẹtì tí ó bá súnmọ́ ìgbà tí òṣùpá kún. Èéṣe? Nítorí pé ọ̀nà jìn, iná kò sì sí lójú ọ̀nà; òṣùpá ni yóò tàn sí ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá ń padà sílé. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́, tí ó tún fi ẹsẹ̀ rìn lóru nítorí orin tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún un! Ẹgbẹ́ náà kò parẹ́. Ó wà títí di òní, Mèsáyà rẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì sì ti di ohun tí gbogbo ìlú ń retí lọ́dọọdún.

Ìdènà méjì ni ó ṣì kù fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Èkíní, ìwé orin wọ́n púpọ̀. Ó di ẹ̀yìn ọdún 1840 kí ilé ìtẹ̀wé Novello ní Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Mèsáyà ní owó pọ́ọ́kú. Èkejì sì burú ju èyí lọ: orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún kò rọrùn láti kà fún ẹni tí kò lówó olùkọ́.

Obìnrin kan ni ó fọ́ òkúta yìí. Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà ní ìlú Norwich, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin. Ó fi lẹ́tà rọ́pò àmì orí ìlà, àwọn ọmọdé sì ń kọrin láti inú ìwé láìpẹ́. Ní ọdún 1841, àwọn olùkọ́ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi pàdé ní ìlú Hull, wọ́n sì bẹ àlùfáà ọ̀dọ́ kan, John Curwen, pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi kọ́ ènìyàn ní orin. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀gá nínú orin ni. Òun fúnra rẹ̀ ti làkàkà kí ó tó mọ̀ ọ́n kà. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi mọ ibi tí ó ń dun akẹ́kọ̀ọ́. Ọgbọ́n Glover ni ó mú, ó sì tún un ṣe títí ó fi di èyí tí a ń pè ní tóníìkì sóòfà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni èyí: orúkọ ohùn ni a kọ fún akọrin, d, r, m, f, s, l, t. Ibikíbi tí olùdarí bá gbé ohùn lé, ibẹ̀ ni d jókòó sí, àwọn yòókù yóò sì wà ní ipò wọn, bí ọmọ ilé ti ń yí baba wọn ká. Àwọn àmì tí ó wà láàárín lẹ́tà ni ó ń fi ìwọ̀n àkókò hàn. Nítorí pé lẹ́tà lásán ni, ilé ìtẹ̀wé kékeré lè tẹ̀ ẹ́, olùkọ́ sì lè fi ẹfun kọ ọ́ sí ara pátákó dúdú kí ogójì ọmọ kà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn míṣọ́nnárì gbé e wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Lọ́wọ́ wa ó tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Olùkọ́ wo ni kò mọ̀ pé dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn èdè Yorùbá: dò fún ti ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mí fún ti òkè?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn ńlá wà fún wa. Orin Gẹ̀ẹ́sì lè gòkè, ó lè sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní yí padà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ kì í sì í ṣe ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀. Bí a bá kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin àjèjì, akọrin lè dúró níwájú ìjọ kí ó sọ ọ̀wọ̀ Ọlọ́run di ọwọ̀, kí àgbà tí ó jókòó ní ìsàlẹ̀ sì máa mi orí.

Àwọn kan nínú wa kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó kú ní ọdún 1930, ṣe ọ̀pọ̀ orin ní èdè wa, a sì gba púpọ̀ nínú wọn sínú àwo gíramafóònù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Thomas King Ekundayo Phillips lọ kọ́ orin ní ìlú òyìnbó, ó padà wá, ó sì di olùdarí orin ní Ṣọ́ọ̀ṣì Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Kò fi ohun tí ó kọ́ ṣe fáàrí. Ó mú un wá sin èdè ìyá rẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1953, níbi tí ó ti fi hàn pé ohùn orin ní láti bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn. Ọdún 48 ni ó fi wà ní ipò náà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni ó ń pàdé akọrin, ìpàdé náà ju 2,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọkitóbà, tí a ń pàdé fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ìpàdé 12 ni a ó ní kí Kérésìmesì tó dé. Wákàtí 24 nìyẹn. Ẹni tí ó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ ti sọ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo iṣẹ́ náà nù, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí ìlà tí àwọn yòókù ti mọ̀ ni wọn yóò tún dúró kọ nítorí rẹ̀.

Olùdarí tí ó gbọ́n a máa kọ́kọ́ mú kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ orin sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí dò, re, mí èdè wọn lè wọ̀ wọ́n létí. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ tírébù, áltò, ténọ̀ àti básì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí ó ṣòro jù ni yóò kọ́kọ́ mú, nígbà tí ara wọn ṣì yá gágá. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà yóò pa ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wọn yóò dúró bí wọn yóò ti dúró lọ́jọ́ náà, ojú wọn kì yóò sì kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tí ó wà láàárín ìpàdé méjì kò ṣòfò pẹ̀lú. Orin náà ń bá akọrin lọ sí oko, sí ọjà àti sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tí ó fẹ́ dá a lágara lọ́sẹ̀ tí ó kọjá a sì máa yọ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ ni a ti ń rí ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wọn lọ, tí kì í sì í yọjú àfi ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe jowú rẹ̀, ẹ má sì ṣe fara wé e. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ohùn rẹ̀ lè yọ gedegbe, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí àwọn yòókù ti ń mí, ibẹ̀ ni orin yóò sì ti já. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò lágbára, tí ó sì wá ní ìgbà méjèèjìlá, ni ó gbé orin náà ró.

Nítorí náà, bí ó bá rẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́ ìpàdé, tí olùdarí sì ní kí ẹ tún ìlà kan kọ lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ rántí àwọn ọkùnrin 16 tí ń wo ojú ọ̀run bóyá òṣùpá ti kún. Wọ́n rìn nínú òkùnkùn kí àwọn náà lè fi ẹnu ara wọn kọ ohun tí a ti fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tiwa rọrùn ju tiwọn lọ. Ẹ wọlé, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ jẹ́ kí a tún un kọ.