ÀKÚ: ORÚKỌ TÍ ÌKÍNI SỌ WÁ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ fi pàṣán àti ìfẹ́ tọ́ wa, ẹ kú àtijọ́ o! Ẹ kú ìnáwó ìpàdé ọdún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti òkè òkun dé, ẹ kú àbọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà ka iye ìgbà tí mo ti lo "kú" lókè yìí. Lẹ́tà méjì péré ni o! Àmọ́ lẹ́tà méjì yìí ló di orúkọ àwọn èèyàn wa ní ìlú onílùú, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń pe Ẹ̀gbá ní Yorùbá. Ìtàn náà kan gbogbo ilé tó wà lábẹ́ Olúmọ, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ọkọ̀ ogun wọn wá ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Freetown, ní Sierra Leone. Àsìkò yẹn náà ni ogun bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ilẹ̀ wa. Òwu fọ́, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tó wà nínú igbó tú ká, Ọ̀yọ́ Ilé náà dahoro nígbẹ̀yìn. Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó ṣẹ́ kù wá sí abẹ́ àpáta ní 1830. Àwọn tí kò ráyè débẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tà sí etí òkun. Àwọn kan dé Brazil, àwọn kan dé Cuba, àwọn mìíràn sì bọ́ sí Freetown.

Ẹ wá wò ó ná. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ pàdé ní ìgboro Freetown. Nílé, kò sí orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń jẹ́ pa pọ̀. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti bára wọn jagun rí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn ò lè kọjá lára ara wọn láì kíra. Ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú iṣẹ́. O kú o. Ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn àjèjì tó ń gbọ́ wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, "kú, kú" yẹn nìkan ló ń ta sí wọn létí. Ni wọ́n bá sọ gbogbo wọn ní Àkú.

Orúkọ yìí wọ inú ìwé kíákíá. Nígbà tí Hannah Kilham tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní Sierra Leone ní 1828, Àkú wà nínú wọn. Láàárín 1830 sí 1832, John Raban, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, tẹ àwọn ìwé pélébé jáde lórí èdè wa. "Eyo tàbí Aku" ló pe èdè náà. Ọ̀yọ́ ló ń kọ ní Eyo yẹn.

Níbo wá ni "Yorùbá" ti wọlé? Orúkọ tí àwọn Haúsá fi ń pe àwọn Ọ̀yọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ajayi Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, ló fi Yorùbá pe èdè náà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ ní 1843. Inú ẹnì kan ò dùn sí i. Sigismund Koelle, ará Jámánì tó kó ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ ní Freetown, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, ní 1854 pé kò tọ́ láti fi orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Òun náà sọ pé ìkíni wọn ni Àkú ti wá.

Bí ẹ bá rò pé àríyànjiyàn òyìnbó lásán nìyẹn, ẹ wo ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859. Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ló pè é. Ẹ ṣàkíyèsí "àti" yẹn o! Ní 1859, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Yorùbá sì ń jẹ́ tirẹ̀.

Láti 1839 ni àwọn Àkú ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn kan bá ẹbí wọn pàdé ní Abẹ́òkúta. Crowther gan-an rí ìyá rẹ̀ níbí ní August 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ará ilé sọ wọ́n? Sàró! Ọ̀rọ̀ yìí náà rin ìrìn jìnnà. Ní 1462, Pedro de Sintra, ará Potogí, sọ àwọn òkè ibẹ̀ ní orúkọ tó túmọ̀ sí òkè kìnnìún; ìyẹn di Sierra Leone, ó sì di Sàró lẹ́nu wa. Ẹ̀gbá kan náà: ní àjò, wọ́n fi èdè ilé pè é, nígbà tó délé, wọ́n fi àjò pè é.

Àkú kò parẹ́ o. Ní Fourah Bay àti Fula Town ní Freetown, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ wọn ń jẹ́ Oku títí dòní. Ní Gambia, Aku ni wọ́n ń pe àwọn ìdílé tó ti Freetown lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Edward Francis Small, tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní Bathurst ní 1929.

Bí ẹ bá wá rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó tún máa pàdé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ báyìí. Ní Indonesia, aku ni "èmi". Ní Hawaii, ẹja òkun kan ni. Ní Japan, ibi ni, ìwà burúkú. Ní Finland, orúkọ ọkùnrin ni. Láàárín àwọn Ewe, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́rú ní ń jẹ́ ẹ. Àwọn Igbo sì ní akụ, tó jẹ́ ọrọ̀. Ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn? Rárá o. Ìró a, k àti u kò ṣòroó pè, kò sì sí èdè tó kọ̀wé gbà wọ́n. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń rí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra, tí wọ́n á ti pariwo pé ibẹ̀ la ti wá. Àwa akọ̀ròyìn a máa béèrè ẹlẹ́rìí. Àkú ti Freetown ní ẹlẹ́rìí: ìwé 1828 wà, ti 1854 wà, àrọ́mọdọ́mọ wọn sì wà láàyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ń gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí pé àwọn kan ò fẹ́ kí wọ́n kí àwọn ní "ẹ kú" mọ́, wọ́n ní ikú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Èèyàn lè sọ pé "ó ti kú", tàbí "yóò kú". Ta ló ti gbọ́ "ẹ ti kú iṣẹ́" rí? Ìró wọn dọ́gba, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹni tó sọ pé "mo kí i kú ewu ọmọ" ń yọ̀ mọ́ ọlọ́mọ ni.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa, "good morning" ni tiwọn, nílé àti lẹ́yìn odi. Bẹ́ẹ̀ a ṣì ń pera wa ní ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, ìyẹn kú àárọ̀. Ìkíni kan náà ló tún sọ wá lórúkọ! Àwọn tí wọ́n kó lọ pàdánù ilé, ẹbí àti orúkọ, ìkíni yìí ṣẹ́ kù sí wọn lẹ́nu, òun ni wọ́n fi dára wọn mọ̀. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ yín.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí kò sí mọ́, a kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí ẹ kà á délẹ̀, ẹ kú sùúrù.