Liverpool Road, Àpápá àti Ìtàn "Band on the Run"

Àwọn bàbá wa bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó bá ń gba Liverpool Road kọjá láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, tírélà ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n orúkọ títì náà ń rán ni létí ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti máa ń gbéra wá sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n bí Paul McCartney sí ní 1942, ọ̀kan nínú àwọn olórin mẹ́rin tí ayé mọ̀ sí Beatles. Ní 1973, ọmọ Liverpool yìí wá ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Iṣẹ́ náà, àti àríyànjiyàn tó bá a rìn, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn tí Beatles tú ká ní 1970, McCartney dá ẹgbẹ́ Wings sílẹ̀ ní 1971. Nígbà tó fẹ́ gba àwo orin tuntun sílẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ó yan sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Àpápá. Kí wọ́n tó gbéra, onígìtá Henry McCullough àti onílù Denny Seiwell kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó wá ku ẹni mẹ́ta: Paul, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine. Paul fúnra rẹ̀ ló lu ìlù. Geoff Emerick, tó ti bá Beatles ṣiṣẹ́ rí, ló ń bójú tó ẹ̀rọ.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Wọ́n kìlọ̀ fún tọkọtaya náà pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ rìn lóru. Wọn kò gbọ́. Àwọn olè fi ọ̀bẹ gba ẹrù wọn, tó fi mọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kọ àwọn orin tuntun náà sí. Ohun tó kù ní ọpọlọ ni wọ́n fi tún orin náà tò.

Ìdààmú kejì ti ọ̀dọ̀ Fela wá, ẹni tó ṣì ń jẹ́ Ransome-Kuti nígbà náà. Ó ní àwọn àlejò yìí wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Ẹ̀rù Fela kò ṣàdédé wá. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló ni sítúdíò. Ọwọ́ EMI yìí kan náà sì ni àwọn àwo orin Fela fúnra rẹ̀ ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. McCartney kò bá a jà. Ó gbé téèpù sílẹ̀ kí Fela fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sí orin Áfíríkà níbẹ̀.

Kí wá ni etí ń gbọ́ nínú "Band on the Run"? Orin abala mẹ́ta ni, nípa àwọn tó sá kúrò ní àhámọ́. Abala méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù Ọ̀kítóbà 1973, wọ́n gba abala kẹta ní AIR Studios, Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ náà ni àgbà ẹgbẹ́ onígòjé àti onífèrè ti kún un, gẹ́gẹ́ bí Tony Visconti ṣe tò ó fún wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà: ìró ńlá wọn ni afárá tó gbé orin náà láti abala kejì bọ́ sí ìkẹta. Àwo náà jáde ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1973. Nígbà tí orin yìí dá dúró jáde ní 1974, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ipò kẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo bí ìtàn ṣe ń yíni lórí. Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe Èkó, ni Remi Kabaka, onílù ọmọ Nàìjíríà, ti bá wọn lu ìlù nínú "Bluebird", orin mìíràn tó wà nínú àwo náà. Ohun tí Àpápá fún wọn ni àyè, ẹ̀rọ àti ìfaradà. Ohùn orin kọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè Fela tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù náà dá McCartney láre. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ orin yìí àti orin Fela ti ìgbà náà, kí wọ́n fi wé ara wọn kí wọ́n tó dájọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ogún rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ogún náà dunjú. Kí a má pe ohun tí kì í ṣe tiwa ní tiwa. Kí a má sì jẹ́ kí èyí tó jẹ́ tiwa bọ́ lọ́wọ́ wa.