Bí Orí Bá So Kókó Lẹ́yìn Ìfarapa: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀

Ọmọdé a máa ṣubú, yálà lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí àtẹ̀gùn tàbí níbi eré ní ilé kéú. Kí a tó ṣẹ́jú, orí rẹ̀ á ti so kókó, àyà ìyá rẹ̀ á sì já. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kókó náà jẹ́, ìtọ́jú rẹ̀ àti ìgbà tó di ọ̀rọ̀ ọsibítù.

Kí ló ń fa kókó?

Òpójẹ̀ kéékèèké pọ̀ gan-an nínú awọ orí. Bí nǹkan bá gbá orí, wọ́n lè bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì kóra jọ sábẹ́ awọ. Nítorí pé egungun agbárí le, ìta ni ibẹ̀ ń wú sí. Bó bá jẹ́ iwájú orí, ẹ̀jẹ̀ náà lè ṣàn wálẹ̀ kí ìpéǹpéjú dúdú lọ́jọ́ kejì.

Ìta agbárí ni kókó wà. Nítorí náà, kókó lè tóbi kí ohunkóhun má ṣe ọpọlọ. Ó sì lè má sí kókó rárá kí ewu wà nínú. Ìṣesí ọmọ ni ká máa wò, kì í ṣe títóbi kókó nìkan.

Ìtọ́jú nílé

Ọ̀pọ̀ nínú wa la bá àṣà fífi omi gbígbóná tẹ kókó tàbí fífi òrí ra á mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ooru àti títẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ṣàn. Ẹ má gún un, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ rọra gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan. Fún ìrora, ẹ lo paracetamol ní ìwọ̀n tó bá ọjọ́ orí mu. Ẹ má lo aspirin. Ọmọ lè sùn, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni ìforíkanlẹ̀ ń ni lára, kó tẹríba dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọlọ́hun kò di ẹrù tó ju agbára lọ ru aláìsàn.

Ẹ tètè lọ sí ọsibítù bí:

- ó bá dákú, tàbí gìrì mú un;
- ó bá bì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ;
- orí fífọ́ bá ń le sí i, tó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tó ṣòro láti jí;
- ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tàbí tó ń ta gẹ̀gẹ̀;
- ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde létí tàbí nímú;
- ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 1, pàápàá bí kókó bá rọ̀ tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tàbí bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá wú;
- ẹni náà bá jẹ́ arúgbó, tàbí tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 48, ó kéré tán. Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.